Pẹ̀lẹ́ Tí Wọ́n Torí Ẹ̀ Lé Alhaja Kúrò Níbi Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mọ́sálásí wa tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti bi mí pé, "Mama, is it worth it? Ṣé kí n lọ ṣe CNA yẹn ni, àbí kí n kàn lọ fún computer?", ìdáhùn mi rèé. Mo ti ń sún un síwájú tipẹ́, torí pé ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí n dúró pẹ́, àti pé mi ò lè sọ ọ́ tán níwájú ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ṣe ní apá gúúsù Chicago títí orúnkún mi méjèèjì fi kọ̀ fún mi. Ẹ má retí pé màá sọ iye tí wọ́n ń san. Ó wà lórí fóònù yín, kò sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń sọ lójoojúmọ́ láìronú, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni pẹ̀lẹ́. Òun ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Òun náà ni wọ́n torí ẹ̀ lé ẹni tó kọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí dòní.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn. Ọkọ mi ti wà níbí, ó ń wa takisí. Mo ṣe kíláàsì CNA, ti àwọn olùtọ́jú aláìsàn, mo yege ìdánwò, ilé ìtọ́jú kan tí kò jìnnà sí Park Forest gbà mí. Mo gbà pé mo ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo tọ́jú ìyá bàbá mi ní Ìsẹ́yìn títí tó fi kú, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Wọ́n fà mí lé Alhaja Múnírá lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Alhaja, kò ga, ìbòrí rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà rò pé Alhaja ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kì í pariwo, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó kí mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó mú mi lọ sí yàrá kan tí kò séèyàn nínú rẹ̀.

"Sàúdá, bọ́ bàtà ẹ. Lie down."

"Èmi, Ma?"

"Is there another person here? Dùbúlẹ̀."

Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo àjà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká àti ìbàdí mi, ó yí mi lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo pariwo. Mo rọ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Alhaja dúró tì mí, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"You are young, o lágbára, o mọ ibi tó o wà, o sì pariwo. Ẹni tó ti lé ní eighty ńkọ́, tí kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́?"

Ó ní kí n sùn padà bí mo ṣe wà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Ó dúró díẹ̀, ó wá yí mi. Ọwọ́ kan náà ni, agbára kan náà ni, ṣùgbọ́n ara mi ti gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀, ó sì tẹ̀lé e.

"First the mouth, lẹ́yìn náà ọwọ́," ó ní. "That is the whole job. The rest is paperwork."

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, àṣé a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Alhaja le. Ó yọ òrùka ìgbéyàwó mi lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, ó ní awọ ara àgbàlagbà kò nípọn, òrùka lè yà á. Tí mo bá fẹ́ fi aṣọ tútù nu ojú ẹnikẹ́ni, àfi kí n kọ́kọ́ fi lé apá ara mi. Ó jókòó níwájú mi, ó fi ṣíbí fún mi ní oúnjẹ lílọ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó ń ki í sí mi lẹ́nu kíákíá kí n lè mọ bó ṣe ń rí. Ní ọjọ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ bàbá kan láti wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀ láìsọ̀rọ̀, torí ariwo tẹlifíṣọ̀n ti pọ̀ jù. Mo ti wọ̀ ọ́ tán, mo ti ń lọ. Alhaja dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Did you tell him?"

"Alhaja, kò gbọ́ mi, TV yẹn..."

"Pa TV. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Kí i, then start again."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò bá Alhaja sọ̀rọ̀ títí a fi ṣíwọ́. Kò jọ pé ó tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń bínú.

Nígbà tó yá, tí ara rẹ̀ ti ń yá sí mi díẹ̀, mo bi í léèrè níbi tá a ti ń jẹ ìrẹsì wa ní yàrá ìsinmi. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ pẹ̀lẹ́ ló máa ń sọ fún àwọn Amẹ́ríkà, ṣé kò ní dáa kí ó sọ "sorry" tí wọ́n mọ̀?

"Sorry kọ́ ni pẹ̀lẹ́," ó ní. "If I step on you, màá ní ẹ má bínú, ẹ forí jì mí. Those ones are for offence. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pẹ̀lẹ́. Ẹni tí o ò mọ̀ rí kọsẹ̀ níwájú ẹ, o ò ní kí i ní pẹ̀lẹ́? Ṣé ìwọ lo gbé òkúta síbẹ̀ ni?"

Mo tún bi bàbá tíṣà, olùkọ́ fẹ̀yìntì kan ní mọ́sálásí, pé níbo gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bàbá tíṣà máa ń dáhùn kódà ìbéèrè tí wọn ò tíì bi í, nítorí náà inú rẹ̀ dùn sí mi. Ó ní láti ara kí á ṣe nǹkan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé orí ni gbogbo ẹrù wà, tí o bá pàdé ẹni tó ru ẹrù, wàá yà fún un, wàá ní "pẹ̀lẹ́ o," ìyẹn ni pé kó rọra. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ń fi kí ẹni tí kò ru nǹkan kan, a wá ń sọ fún ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tó subú, ẹni tí èèyàn kú fún. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, torí mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rí ìyá arúgbó tó ń gbìyànjú láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń rò pé bàbá tíṣà lè má purọ́.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, Miss Lorraine. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó ti se oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ rí, ẹnu rẹ̀ mú. Ó bi Alhaja ní ìtumọ̀ pẹ̀lẹ́, Alhaja sọ fún un bó ṣe sọ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí orúnkún Alhaja bá dún nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, Miss Lorraine á ké láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Pẹlẹ, Alhaja!" Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, bí ẹ̀yin ọmọ yìí gan-an ṣe ń pè é. Ó kọ́ Denise ọmọ rẹ̀ náà. Denise máa ń wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti Olympia Fields, bó bá sì ti wọlé ni yóò máa kí gbogbo ẹni tó bá rí lórí bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rò pé oúnjẹ ló ń pè.

Irinṣẹ́ yí padà níṣojú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bẹ́líìtì la máa ń so mọ́ ìbàdí aláìsàn, a ó sì fi apá wa gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ẹ̀rọ agbénìyàn dé. Ẹ ó tẹ́ aṣọ líle kan sábẹ́ ẹni náà, ẹ ó fi okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kọ́ ìkọ́, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹni náà á gòkè fúnra rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Mi ò ní bú ẹ̀rọ yẹn, ó gba ẹ̀yìn wa sílẹ̀. Ìwé tí a ń kọ náà di tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé kì í bá ẹni tí wọ́n ń gbé sọ̀rọ̀ mọ́, bọ́tìnnì ni wọ́n ń wò. Alhaja á máa bá wọn jà, wọ́n á ní, "Yes, Mama," wọ́n á tún ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni nǹkan bàjẹ́. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ń gbé Miss Lorraine kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ wa láti Ìlọrin. Okùn kan kò wọ ìkọ́ rẹ̀ dáadáa, ẹnì kankan nínú wọn kò sì rí i. Èmi àti Alhaja wà ní apá kejì ilé náà. Ìró tí a gbọ́ ló mú wa sáré. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, Miss Lorraine ti wà nílẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Alhaja kúnlẹ̀ tì í, ó di orí rẹ̀ mú, ó ń kí i ní pẹ̀lẹ́ títí tí áńbúláǹsì fi gbé e lọ.

Ọ̀gá ilé pe gbogbo wa jọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá àwọn ẹbí ìyá náà sọ ohunkóhun, òun nìkan ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ní pàtàkì jù lọ, a ò gbọ́dọ̀ sọ "sorry," torí lọ́yà lè kà á sí ìjẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Alhaja wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí Denise fi dé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, káàdì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọn ò tíì sọ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ fún un. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ojú gbogbo èèyàn, gbogbo èèyàn ń wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Èmi ń fún ìyá kan lóúnjẹ nínú yàrá tó kọjú sí ibi tó dúró, mo rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Alhaja jáde láti yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Ó rí ọ̀gá, ọ̀gá sì rí i. Ó rìn lọ bá Denise, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Pẹ̀lẹ́, my daughter. Pẹ̀lẹ́. I am so sorry."

Ó sọ orúkọ ilé ìwòsàn náà fún un. Denise gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó sunkún.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lọ́yà àwọn Denise ti kàn sí ilé ìtọ́jú náà. Wọ́n lé Alhaja. Ọ̀gá sọ fún un níṣojú wa pé "sorry" tó sọ lẹ́nu ló fún àwọn ẹbí náà ní ẹjọ́ tí wọ́n ń pè. Ẹjọ́ náà gba sátífíkéètì lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, ọmọ Ìlọrin yẹn sì padà sídìí iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Miss Lorraine ò padà wá. Ó kú sí ilé ìwòsàn.

Ó dùn mí bí wọ́n ṣe lé Alhaja, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ló dùn mí jù. Alhaja gba ọ̀gá gbọ́. Mo lọ kí i nílé rẹ̀ ní Park Forest, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní, "Sàúdá, ẹnu mi ló ba ayé àwọn ọmọ yẹn jẹ́." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "The man said it. He has no reason to lie." Mo gbé tíì tó bù fún mi, ó dà sí mi lọ́wọ́, ó gbóná. Alhaja dìde kíákíá, ó gbé omi tútù wá, ó fi aṣọ wé ọwọ́ mi, ó ṣe é dáadáa bó ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Kò kí mi ní pẹ̀lẹ́. Mo wo ẹnu rẹ̀, ó fún un pọ̀.

Mo rò pé ìbẹ̀rù yẹn yóò lọ lẹ́nu rẹ̀. Kò lọ. Àwọn èèyàn mọ́sálásí ń sọ pé Alhaja ti ń gbéra ga, èèyàn á wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á kàn wò ó láìkí i. Ọkọ rẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn náà, òun nìkan ló tọ́jú rẹ̀ nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo máa ń yà síbẹ̀ lọ ràn án lọ́wọ́. Ara bàbá yẹn mọ́, kò ní egbò kankan lẹ́yìn, kò sí nọ́ọ̀sì tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaja á gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, á dúró díẹ̀, á yí i. Gbogbo rẹ̀ pé, àyàfi ọ̀rọ̀ ẹnu. Bàbá kú bẹ́ẹ̀, Ráṣídì ọmọ wọn sì kó ìyá rẹ̀ lọ sílé rẹ̀ ní Naperville.

Èmi ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pè wá jọ láti kọ́ wa ní ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: "Màá lọ pe nọ́ọ̀sì." Mo máa ń kí àwọn aláìsàn mi ní pẹ̀lẹ́ lábẹ́ ohùn, bí ẹni tó ń jí nǹkan. Orúnkún mi dá mi dúró níkẹyìn, wọ́n gé kéèkì fún mi, mo lọ sílé.

Ó ti pé ọdún kan báyìí tí mo fẹ̀yìn tì. Láìpẹ́ yìí, mo dúró lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà oúnjẹ, obìnrin kan tó ti ń hewú yíjú sí mi, ó ní, "Pẹlẹ." Mi ò tètè dá a mọ̀. Denise ni. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé Alhaja dà.

Mo ní wọ́n lé e. Ó ní kí ni mo wí? Mo sọ fún un pé ọ̀gá ní ohun tí Alhaja sọ fún un lọ́jọ́ yẹn ló mú kí wọ́n pe ẹjọ́. Denise gbé agbọ̀n ọjà rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí òun tó wọ ilé yẹn rárá lòun ti pe lọ́yà, láti inú mọ́tò, torí pé ẹni tó tẹ òun láago kọ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé ìyá òun lọ. Ó ní okùn ẹ̀rọ yẹn ni àwọn pe ẹjọ́ lé lórí, ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò dárúkọ Alhaja níwájú lọ́yà.

"Gbogbo ilé yẹn," ó sọ fún mi lédè wọn, "òun nìkan ló ṣe bí èèyàn sí mi. Mọ́mì mi ń béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Mo tẹ ilé yẹn láago kó lè wá síbi ìsìnkú, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó ti fẹ̀yìn tì."

Mi ò ra ohun tí mo fẹ́ rà mọ́. Mo wa mọ́tò lọ sí Naperville lọ́jọ́ kejì, inú mi ń dùn, mo ń kọrin lójú ọ̀nà. Ìròyìn ayọ̀ ni mo gbà pé mo gbé lọ́wọ́.

Ráṣídì ti lọ síbi iṣẹ́. Alhaja nìkan ló wà nílé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mi ò tilẹ̀ jókòó tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un, láti ibi tí Denise ti kí mi dé ibi ìsìnkú.

"So kì í ṣe ẹnu mi?" ó ní nígbà tí mo parí.

"Kì í ṣe ẹnu yín, Ma. Kò fìgbà kan jẹ́ ẹnu yín."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? She told you herself?"

"Ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, Ma."

Mo ń retí pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kọjú sí fèrèsé.

"Daddy Ráṣídì lay down in that house for months," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ yí i, ó máa ń wo ẹnu mi. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wo ẹnu mi. Mo mọ ohun tó ń retí, Sàúdá. I knew. Mo ní if I open this mouth again, it will spoil something."

"Alhaja, ẹ pẹ̀lẹ́," mo ní. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Má sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Kì í ṣe èmi ló yẹ kó gbọ́ ọ."